Ẹjọ́ àìbìkítà dókítà: ọjọ́ mélòó ni òfin fún wa? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ọsibítù tó ń kú ní kóòtù, ọjọ́ ló pa á. Rìsíìtì á pé, ojú ọgbẹ́ á wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti rí, àwọn ẹlẹ́rìí á dúró wámúwámú, adájọ́ á kàn wo déètì méjì, á ní ẹ máa lọ sílé. Ẹni tí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí la kọ èyí fún, àti ìbátan tó ń bá a sáré kiri. Kò rọ́pò lọ́yà o. Ó wà kí ẹ lè tètè dé ọ̀dọ̀ lọ́yà ni.

Ẹnì kan ní oṣù mẹ́ta, ẹlòmíràn ní ọdún mẹ́fà. Ta ni ká gbà gbọ́?

Ó lè jẹ́ pé àwọn méjèèjì ò parọ́. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ béèrè ni pé ta ló ni ọsibítù náà. Bó bá jẹ́ ti ìjọba, oṣù 3 ni kí ẹ fi sọ́kàn. Òfin tó dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba ló sọ bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́ lórí iṣẹ́ ìjọba tó ṣe, tàbí èyí tó yẹ kó ṣe tí kò ṣe, kò gbọ́dọ̀ kọjá oṣù 3. Kì í ṣe dókítà nìkan ni òfin yìí bò. Ó bo nọ́ọ̀sì, ó bo ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sì ti sọ ní 1998 pé ó bo ilé iṣẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀ pẹ̀lú.

Bó bá jẹ́ ti aládàáni, ọdún ni wọ́n fi ń kà á, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní òfin gbèdéke tirẹ̀, ìyẹn òfin tó sọ ìgbà tí ẹ ti gbọ́dọ̀ pẹjọ́. Ní Èkó, ọdún 3 ni fún ẹni tí àìbìkítà pa lára, ọdún 6 sì ni fún àdéhùn tí wọ́n yẹ̀. Mo mẹ́nu ba Èkó nítorí pé ọ̀pọ̀ wa ló ń gbéra láti Ṣàgámù tàbí Ògìjó lọ gba ìtọ́jú ní Ìkòròdú. Òfin ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ló máa mú yín, ibi yòówù kí ẹ máa sùn. Fún ti aládàáni níhìn-ín ní Ògùn, ìmọ̀ràn tèmi ni pé ẹ má jẹ́ kó pé ọdún kan kí ẹ tó ṣe nǹkan kan. Ẹni tó ń fi ọdún mẹ́fà tu ara rẹ̀ nínú lè débẹ̀ tán kí wọ́n sọ fún un pé ọ̀nà tó gbé ẹjọ́ rẹ̀ gbà kò ní tó bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí ti ìjọba fi kúrú tó báyìí?

Àwọn òyìnbó ló gbé e wá. Ní 1916 ni wọ́n ṣe é fún Nàìjíríà, kí ẹnikẹ́ni má baà máa fi ẹjọ́ tó ti pẹ́ dí òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́. Àwọn ìpínlẹ̀ tó jáde lára Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, Ògùn pẹ̀lú wọn, jogún irú rẹ̀. Àwọn òyìnbó fúnra wọn ti fagi lé tiwọn ní 1954. Tiwa ṣì ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé àná ni wọ́n kọ ọ́. Lójú tèmi, òfin tó fún ẹni tí kò tíì lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ní oṣù mẹ́ta kò ro ti aláìsàn rárá. Ṣùgbọ́n ká bínú sí òfin kò ní kó fún wa ní ọjọ́ kan sí i.

Báwo la ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ ti ìjọba?

Orúkọ lè tan yín. Ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ Olabisi Onabanjo ní Ṣàgámù, ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ló ni ín. Ọsibítù ìjọba tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde náà bẹ́ẹ̀, àti àwọn ilé ìlera kéékèèké tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ káàkiri abúlé. Ti Babcock ní Ìlíṣàn náà jẹ́ ọsibítù ìkọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ìjọ Adventist ló ni ín, aládàáni ni. Bí wọ́n bá fi lẹ́tà rán yín láti kíníìkì aládàáni kan ní Odògbolú lọ sí ọsibítù ìjọba, tí ẹ ò sì mọ ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ nínú méjèèjì, gbèdéke tó kúrú jù ni kí ẹ máa wò.

Dókítà ìjọba ló tọ́jú mi, àmọ́ ní kíníìkì tirẹ̀, nírọ̀lẹ́.

Èyí wọ́pọ̀. "Ẹ má dààmú ara yín ní jẹ́nẹ́rà, ẹ wá bá mi lọ́hùn-ún." Ohun tó ṣe lọ́hùn-ún kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba, kò sì lè sá sábẹ́ oṣù 3. Rìsíìtì tí orúkọ kíníìkì náà wà lórí rẹ̀ ló máa gbè yín, ìyẹn bó bá fún yín ní rìsíìtì. Bí ẹ bá fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀, ẹ lọ sí báńkì kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín.

Ọjọ́ wo gan-an la ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà?

Ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ kò sí nínú kíkà, ọjọ́ kejì ni ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà lọjọ́ pé. Bí akọ̀wé kóòtù bá lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìpẹjọ́ yín ní ọjọ́ 11, ó ti pẹ́, ì báà jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ débẹ̀ láàárọ̀. Ọjọ́ òǹtẹ̀ yẹn ni wọ́n ń wò. Ọjọ́ tí ẹ rí lọ́yà, ọjọ́ tí ẹ sanwó fún un, ọjọ́ tó kọ lẹ́tà gbígbóná sí ọ̀gá ọsibítù, ìkankan nínú wọn kò kan kóòtù. Adájọ́ á mú ìwé yín, á wo déètì tí ẹ̀yin fúnra yín kọ síbẹ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, á wo déètì òǹtẹ̀, á yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì. Bó bá ti kọjá, kò ní gbọ́ bí ara ṣe ro yín tó.

Bí ọjọ́ ìkẹyìn bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú tàbí ọjọ́ ìsinmi bí Iléyá, Òfin Ìtumọ̀ ti ìjọba àpapọ̀ sún un sí ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e. Sátidé kò sí lára ohun tí òfin yẹn pè ní ọjọ́ ìsinmi, bẹ́ẹ̀ kóòtù kì í lu òǹtẹ̀ ní Sátidé. Bí tiyín bá bọ́ sí Sátidé, ẹ ti Fúráìdé ṣe é.

Ohun kan tún wà tó ń jẹ ọjọ́. Ọ̀pọ̀ òfin tó dá iléeṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ló ní kí ẹ kọ̀wé sí wọn ná pé ẹ fẹ́ pe wọ́n lẹ́jọ́, kí ẹ sì dúró, oṣù kan ló sábà máa ń jẹ́, kí ẹ tó lọ sí kóòtù. Ẹ má retí pé oṣù ìwé yẹn máa dá oṣù mẹ́ta yín dúró. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá rí lọ́yà ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá fi máa ń rí i pé lọ́yà náà ń mi orí.

Títí di òní ẹsẹ̀ mi kò tíì san. Ṣé kì í ṣe pé ó ṣì ń ṣẹlẹ̀?

Òfin náà ní bí ìpalára bá ń bá a lọ, kí ẹ ka oṣù 3 láti ìgbà tó bá dáwọ́ dúró. Gbólóhùn yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kóòtù ti túmọ̀ rẹ̀ tipẹ́: ìwà tó ń dá ìpalára sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa bá a lọ, ìrora tó kù lẹ́yìn rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n to egungun yín ní ìtòkutò lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ ń ro yín lọ́dún kejì: ọjọ́ kan yẹn lẹ máa kà. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ọjọ́ kíníìkì ni wọ́n ń fún yín ní oògùn tí kò yẹ, fún oṣù márùn-ún, lọ́yà yín lè jà pé ìgbà tí wọ́n fún yín kẹ́yìn ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún kan lẹ́yìn tí mo bímọ ni wọ́n tó rí òwú tí wọ́n gbàgbé sínú mi.

Ibí yìí lòfin náà ti le jù. Oṣù 3 ti òṣìṣẹ́ ìjọba kò béèrè ìgbà tí ẹ mọ̀. Ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ ló ń béèrè. Ní ti aládàáni, àwọn òfin gbèdéke máa ń fi àyè sílẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ yín bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún yín: ìgbà tí ẹ bá tú u fó, tàbí ìgbà tó yẹ kí ẹ ti tú u fó, ni wọ́n á máa kà. Ní ti ìjọba náà, ẹni tó fi èrò ibi ṣiṣẹ́ kò yẹ kí òfin ààbò yẹn bò, lọ́yà sì lè fi ìyẹn jà bí ẹ̀rí bá wà pé wọ́n rí òwú náà nínú àwòrán, tí wọ́n sì ní kò sí nǹkan kan. Ẹ má dúró wo ìyẹn. Ọjọ́ tí èsì àwòrán bá jáde ni kí ẹ gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ, kí ẹ tó délé.

Àwọn àgbà ní ká má sáré lọ kóòtù, pé a kì í ti kóòtù dé ká tún ṣọ̀rẹ́.

Mo mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, òun ló sì ń ná àwọn èèyàn wa ní ẹjọ́ jù. Bó ṣe máa ń lọ nìyí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mọ ẹnì kan tó mọ ọ̀gá ọsibítù. Wọ́n á lọ, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á dìde. Ọ̀gá á ní "ẹ fọkàn balẹ̀, a ti gbé ìgbìmọ̀ dìde lórí ẹ̀." Olóyè kan á bá wọn dá sí i láàfin, pásítọ̀ tàbí lèmọ́ọ̀mù á gbàdúrà. Wọ́n á ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì nítorí ọ̀gá lọ sí Àbújá. Kò sí ẹni tó fojú burúkú wò yín nínú gbogbo rẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn ń ṣe é tọkàntọkàn. Oṣù mẹ́ta á pé. Lẹ́tà tó máa wá lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ lọ́yà ọsibítù ló ti máa wá.

Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti sọ ọ́ kedere ní 1994, nínú ẹjọ́ tí wọ́n pe NNPC, pé ìdúnàádúrà kì í dá ọjọ́ dúró. Ohun tó lè gbè yín ni kí ọsibítù kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn jẹ̀bi, kó sì jẹ́ pé iye owó gbà-má-bínú nìkan ló kù. "Ẹ má bínú" tí wọ́n fẹnu sọ kì í ṣe ìyẹn.

Ẹ pẹjọ́ ná, kí ẹ sì máa bá ìpẹ̀tù lọ. Kò sí òfin tó ní ẹni tó ti pẹjọ́ kò gbọ́dọ̀ jókòó pẹ̀lú ẹni tó pè. Bí ẹ bá wá gbà, ẹ óò kọ àdéhùn náà sílẹ̀, adájọ́ á sọ ọ́ di ìdájọ́, ọsibítù ò sì ní lè yẹ̀ ẹ́ lọ́la. Ẹ sọ fún àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó lọ, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí wọ́n má baà rò pé ẹ rí wọn fín.

Èèyàn wa ti kú. Kí la máa ṣe kọ́kọ́?

Ẹ kú ọ̀fọ̀, Ọlọ́run á tu yín nínú. Bí ẹ bá fura pé àìbìkítà ló pa á, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá kí wọ́n yẹ òkú wò kí ẹ tó sin ín. Mùsùlùmí a máa sin òkú lọ́jọ́ náà, ó sì yé mi. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ti bò ó, kò sí ìwé tí ẹ lè fi dípò ohun tí ara rẹ̀ ì bá sọ. Bí ẹ bá gbà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ béèrè fún oníṣègùn tí kì í ṣe ti ọsibítù tí ẹ ń fẹ̀sùn kàn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ọjọ́. Fídáù ọjọ́ kẹjọ, fídáù ogójì ọjọ́: lọ́jọ́ tí wọ́n bá ka àdúrà ogójì, ó ti ń lọ sí ìdajì oṣù mẹ́ta. Ti ọmọ ìjọ tún wá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ tó wà ní òkè òkun ò tíì rí físà, aṣọ ẹbí kò tíì pé, òkú wà ní mọ́ṣúárì. Mi ò ní kí ẹ má ṣòkú o, Ìjẹ̀bú ni wá. Ẹ yan ẹnì kan nínú ẹbí, ẹni tí kò ní ọwọ́ nínú ìnáwó, pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni lọ́yà. Kó tètè bi lọ́yà orúkọ ẹni tó máa wà lórí ìwé ìpẹjọ́, nítorí òkú kò lè pẹjọ́, ìwé àṣẹ láti dúró fún ohun tó fi sílẹ̀ sì máa ń gba àkókò ní ọ́fíìsì kóòtù.

Ọmọ ìkókó ló ṣẹlẹ̀ sí. Ṣé kò lè dàgbà ná?

Àwọn òfin gbèdéke sábà máa ń ro ti ọmọdé mọ́ ọn. Oṣù 3 ti ìjọba kò dárúkọ ọmọdé. Bàbá tàbí ìyá lè pẹjọ́ ní orúkọ ọmọ. Ẹ pè é nísinsìnyí.

Wọ́n tì wá mọ́lé torí owó, èmi àti ọmọ jòjòló.

Ọ̀nà ibí yìí yàtọ̀, ó sì sàn. Ọsibítù kì í ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n. Gbèsè ni gbèsè ń jẹ́, wọ́n lè pè yín lẹ́jọ́ kí ẹ san, ṣùgbọ́n àtìmọ́lé yẹn tàpá sí ẹ̀tọ́ òmìnira tó wà ní abala 35 ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni, òfin ìlànà ti 2009 tó dá lórí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sì sọ pé kò sí gbèdéke ọjọ́ kankan tó kàn án.

Ẹni tí wọ́n gbé dé pẹ̀lú ìjàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Bíní, tí wọ́n ní kó mú owó wá ná kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, Òfin Ìlera ti 2014 wà fún òun. Ẹni tó bá kọ ìtọ́jú pàjáwìrì lè san ₦100,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì.

Irú ẹ̀rí wo la nílò?

Ní 2006, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá ẹjọ́ obìnrin kan tí abẹ́rẹ́ kán sínú rẹ̀ níbi iṣẹ́ abẹ ní ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ kan ní Bíní. Abẹ́rẹ́ náà kán lóòótọ́, kò sì sí ẹni tó ní kò kán. Obìnrin náà pàdánù láti kóòtù ìsàlẹ̀ dé òkè. Kò mú dókítà kankan wá láti sọ fún adájọ́ pé ohun tí wọ́n ṣe kò bá ìlànà iṣẹ́ mu, àwọn ti ọsibítù sì mú tiwọn wá láti ṣàlàyé pé abẹ́rẹ́ a máa kán. Ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó sọ pé "gbogbo ayé ló rí i."

Nítorí náà, ẹ ní láti rí dókítà mìíràn tó máa kọ̀wé tó sì máa dúró ní kóòtù. Wíwá rẹ̀ kì í yá, nítorí ojú ń ti dókítà láti ta ko ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ lọ́yà níbí ń lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó láti wá a. Òun náà ń jẹ lára ọjọ́ yín.

Ẹ tún gba fáìlì. Káàdì kékeré tó wà lọ́wọ́ yín kò tó: fáìlì ńlá tó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ìwé ni nọ́ọ̀sì ń kọ aago àti oògùn sí. Ẹ fi lẹ́tà béèrè ẹ̀dà rẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín pé àwọn gbà á. Ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ṣí ní 2018 nígbà tó jẹ́ Igbákejì Ààrẹ fún yín láṣẹ, Òfin Ààbò Dátà ti 2023 sì tún fún yín. Ẹ ṣe é kíákíá. Ìwé a máa sọnù, ojú ewé kan a sì máa yí padà nínú fáìlì nígbà tí ọ̀rọ̀ bá gbóná.

Ṣé a lè fi ẹjọ́ dókítà sun ìjọba tàbí ọlọ́pàá?

Ẹ lè kọ̀wé sí MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń fún dókítà ní ìwé àṣẹ, pẹ̀lú ìwé ìbúra láti kóòtù. Bí wọ́n bá rí i pé ó jẹ̀bi, wọ́n lè kìlọ̀ fún un, wọ́n lè dá a dúró fún oṣù tí kò ju 6 lọ, wọ́n sì lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Wọn kì í fún yín lówó. Òfin ọ̀daràn náà ní ìjìyà fún ẹni tó fi ìwàǹwára tọ́jú aláìsàn, ọlọ́pàá lè gbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí méjèèjì ń lọ, oṣù mẹ́ta ti kóòtù ń lọ tirẹ̀.

Agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ló gbẹ̀bí. Tàbí kẹ́mísí ló fún wa ní abẹ́rẹ́.

Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Gbèdéke gbogbogbòò ni tiwọn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ lè jàre tán kí ẹ má rí ohun tí ẹ máa gbà.

Lọ́yà wa gbé e lọ sí kóòtù tí kò láṣẹ, wọ́n sì ti lé e jáde.

Ìròyìn ayọ̀ díẹ̀: ní 2018, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé àkókò tí ẹjọ́ fi wà níwájú kóòtù tí kò láṣẹ kò sí nínú kíkà. Ohun tó kù nínú ọjọ́ yín ṣì kù. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 4 ló kù nígbà tí ẹ kọ́kọ́ pẹjọ́, ọjọ́ 4 náà ni ẹ ní.

A ò lówó lọ́yà.

Ìgbìmọ̀ Ìrànlọ́wọ́ Òfin ti ìjọba àpapọ̀ wà fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ lọ, tó jẹ́ ₦70,000 láti 2024. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò ní ẹ̀ka ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ní Ṣàgámù, ẹ béèrè níbẹ̀ ẹni tó máa ń gba irú ẹjọ́ yìí. Lọ́yà tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ bẹ̀ wọ́n fún oṣù méjì, ẹ wá ẹlòmíràn.

Oṣù mẹ́ta ti kọjá. Ṣé ó ti parí?

Ó lè máà parí. Ẹ kó gbogbo ìwé lọ fún lọ́yà kó wo àwọn wọ̀nyí: ṣé ẹnì kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, bí ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ aládàáni tó gbé èsì òdì jáde? Ṣé ẹ̀rí èrò ibi wà, tàbí ohun tí wọ́n fi pamọ́? Ṣé wọ́n ti fi ìwé gbà pé àwọn jẹ̀bi? Ṣé àtìmọ́lé wà nínú rẹ̀? Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ rárá, owó gbà-má-bínú ti bọ́. MDCN ṣì wà, àjọ FCCPC tó ń gba ẹjọ́ oníbàárà náà ṣì wà. Wọ́n lè má fún yín ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè bi dókítà náà ní ìbéèrè tó ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí.